Aṣọ Fèrèsé Aláwọ̀ Méjì fún Yàrá Mẹ́ta

Ọjọ́ Àìkú, 5 Oṣù Ọ̀wàrà 2025

Wọ́n ń sọ ọ̀rọ̀ mi kiri láàárín àwọn obìnrin ìjọ wa. N kò ní dìde nínú ìpàdé láti dá wọn lóhùn. Mo kọ ìdáhùn mi síhìn-ín.

Wọ́n ní mo ti ta ilé mi ní àdúgbò Nzeng-Ayong, ní Libreville níbí. N kò tà á. Ìwé rẹ̀ wà nínú àpótí mi, kọ́kọ́rọ́ àpótí náà sì wà lọ́wọ́ mi.

Wọ́n ní mo ń palẹ̀ ẹrù mọ́ láti lọ máa gbé pẹ̀lú Olúwakóredé, ọmọ mi, ní Port-Gentil. Ẹ̀rí tí wọ́n mú wá ni pé gbogbo fèrèsé mi wà ní ìhòòhò láti bí ọjọ́ mẹ́jọ. Òtítọ́ ni pé wọ́n wà ní ìhòòhò. Mo tú aṣọ wọn sílẹ̀ láti fọ̀ ọ́, ó sì fà ya nínú omi, nítorí ọdún mẹ́tàdínlógún ni oòrùn ti ń pa á. Aṣọ tuntun ni mo fẹ́ fi kọ́. Ẹni tó ń kó kúrò nílé kì í wọn fèrèsé.

Wọ́n ní n kò ríran mọ́. Mo ríran. Ní òwúrọ̀ yìí ni mo dúró níwájú ìjọ, mo ka ẹ̀kọ́ kíkà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, n kò sì ṣi ọ̀rọ̀ kan pè. Pé mo ti mọ ibẹ̀ sórí láti ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ kò kan ẹnikẹ́ni.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7

Òjò láti ìdájí títí di aago mẹ́wàá. Mo wọn fèrèsé yàrá mẹ́ta. Àwọn nọ́ńbà ara téèpù ti pa rẹ́; ìbú àtẹ́lẹwọ́ mi ni mo fi wọ̀n wọ́n.

Mo fẹ́ kí aṣọ fèrèsé kọ̀ọ̀kan ní àwọ̀ méjì tí a rán pọ̀: èyí tó ṣókùnkùn nísàlẹ̀, èyí tó mọ́lẹ̀ lókè. Ìdí wà fún un. Ìsàlẹ̀ ni ẹrẹ̀ àti ọwọ́ àlejò máa ń bá. Òkè ni ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé. Ṣùgbọ́n ìwọ̀n kan náà kò lè bá yàrá mẹ́ta mu. Pálọ̀ gba ìdajì sí ìdajì, àwọ̀ ilẹ̀ àti àwọ̀ wàrà, nítorí àwọn àga igi okoumé tí olóògbé ọkọ mi fi sílẹ̀. Yàrá tèmi gba ìdá méjì òkùnkùn nínú mẹ́ta, nítorí iná tí wọ́n gbé kọ́ sí ògiri òdìkejì ọ̀nà. Àwọ̀ eérú tó ki ni mo fẹ́ níbẹ̀, pẹ̀lú eérú tó fẹ́lẹ́. Yàrá àlejò kéré, fèrèsé rẹ̀ sì kéré. Òkùnkùn díẹ̀ ti tó o: àwọ̀ ewé nísàlẹ̀, àwọ̀ ọ̀gẹ̀dẹ̀ pípọ́n lókè.

Ọjọ́bọ̀, 9

Olúwakóredé pè. Ọ̀rọ̀ àwọn obìnrin ìjọ ti dé etí rẹ̀ ní Port-Gentil. Ó bẹ̀ mí pé kí n má bínú. Ó ní òun àti Nathalie, ìyàwó rẹ̀, yóò dé ní ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù tó ń bọ̀ láti wo bí mo ṣe wà.

"Màámi, tí mo bá dé tí mo rí i pé ilé náà ti ju agbára yín lọ, ẹ ó bá wa lọ. A ti ya yàrá kan sọ́tọ̀ fún yín."

Mo ní mo gbọ́. Mo mọ yàrá náà. Ògiri ni fèrèsé rẹ̀ kọjú sí. Ọdún mọ́kànlélógójì ni mo ti lò ní Libreville, inú ilé yìí nìkan ni mo sì ti ń jáde láìsí ẹni tó ń béèrè ibi tí mo ń lọ. Aṣọ fèrèsé gbọ́dọ̀ ti wà lókè kí ọjọ́ náà tó pé. Mo fẹ́ kí ó wọlé, kí ó sì bá ilé tí ẹni tó ni ín ń tọ́jú.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 14

Ọjà Mont-Bouët. Kàdíjátù ló ni ṣọ́ọ̀bù aṣọ tí mo lọ. Mo kọ́ ọ ní kíláàsì kejì nígbà tí mo ṣì ń ṣe iṣẹ́ olùkọ́. Ó ti di ìyá ọmọ mẹ́rin, síbẹ̀ ó kúnlẹ̀ kí mi láàárín ọ̀nà tí àwọn èèyàn ti ń fi ìgbọ̀nwọ́ gbún ara wọn. Rídò ni ó ń pe aṣọ fèrèsé, bí gbogbo àwọn tí wọ́n bí síhìn-ín.

Iná ti lọ ní ọjà. Mo fi ọwọ́ kan àwọn aṣọ náà lọ́kọ̀ọ̀kan, mo sì yàn láìjáfara. Mo ní kí ó gé àwọ̀ ilẹ̀ yìí fún mi, kí ó sì fi àwọ̀ wàrà yẹn tì í.

N kò gbọ́ kí sísọ́ọ̀sì rẹ̀ dún. Mo gbà pé ìṣirò ni ó ń ṣe.

"Èyí gan-an, Màdáàmù?"

"Èyí gan-an."

"Ó dáa, Màdáàmù."

Mo yan ti yàrá mi àti ti àlejò bákan náà. Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ààbọ̀ sẹ́fà ni ó ń ta mítà kan. Ó gbà á ní ẹgbẹ̀rún mẹ́ta láìjẹ́ pé mo ná an. Ó darí mi sí ọ̀dọ̀ télọ̀ kan ní àdúgbò Derrière la Prison, Abdoulaye, ọmọ Nàgó láti Sakété. Ó ní tí kì í bá ṣe Abdoulaye ló máa rán an, kí n má rán an rárá.

Ọjọ́rú, 15

Òjò. N kò jáde.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 18

Ohun kan ṣẹlẹ̀ tí n kò ní sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo dúró létí títì, mo ké sí takisí bí a ti ń ṣe: ibi tí mo ń lọ, àti iye tí mo fẹ́ san. Awakọ̀ tó bá gbà á yóò fọn fèrè. Èyí tí kò gbà á yóò kọjá lọ. Èyí kò fọn fèrè, kò sì kọjá lọ. Mo tún un sọ. Ọkùnrin inú rẹ̀ yọ orí jáde, ó fi ọ̀wọ̀ sọ fún mi pé òun kì í ṣe takisí, pé ilé ìfowópamọ́ ni òun ti ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n kí n wọlé. Mo wọlé, mo jókòó sẹ́yìn. Nígbà tí mo sọ̀ kalẹ̀, mo fi ẹgbẹ̀rún sẹ́fà sórí àga. Ó kọ̀ ọ́. N kò gbé e. Iye tí mo bá dá ni mo ń san.

Ọkọ̀ funfun tó jọ takisí ti pọ̀ jù ní ìlú yìí.

Abdoulaye jẹ́ ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́, oníwà tútù. Ó tú aṣọ náà wò, ó sì da àwọn rílì òwú sórí tábìlì kí n yan èyí tó bá ti yàrá kọ̀ọ̀kan mu. Mo yàn. Ó wo òwú, ó wo aṣọ, ó sì wo ojú mi.

"Bí ẹ ti wí ni, Ìyá wa."

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 25

Abdoulaye fúnra rẹ̀ ló gbé e wá, ó gun àkàbà, ó sì fi í kọ́ yàrá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Kò tíì fi ẹ̀rọ rán ojúpọ̀ àwọ̀ méjèèjì, kò sì gé etí ìsàlẹ̀. Ó kàn ká a sókè. Ó ṣàlàyé fún mi pé ọ̀rinrin ìlú yìí máa ń fa irú aṣọ bẹ́ẹ̀ gùn, pé ó yẹ kí ó rọ̀ fún bí oṣù kan kí a tó gé e. N kò gbọ́ irú rẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni, kì í ṣe tèmi.

Fèrèsé mi ti wọ aṣọ. Ọkàn mi fúyẹ́ díẹ̀.

Ọjọ́ Ajé, 27

Victorine wá tọrọ iyọ̀. Opó ni bíi tèmi, ilé wa sì fara kan ara wọn láti ọdún mọ́kàndínlógún sẹ́yìn. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà pálọ̀ pẹ́ ju ẹni tó wá gba iyọ̀ lọ. Ó ní pálọ̀ mi ti dàbí ṣọ́ọ̀ṣì àwọn nígbà ààwẹ̀ tó ṣáájú Àjíǹde. N kò mọ ohun tó pa àwọ̀ ilẹ̀ àti ààwẹ̀ pọ̀. Kátólíìkì ni Victorine. Àṣà wọn pọ̀.

Ọjọ́ Ajé, 3 Oṣù Bélú

Ìka mi ló bá a pàdé. Níbi tí àwọ̀ méjì ti pàdé nínú aṣọ pálọ̀, ọwọ́ ni ó fi rán an, ojú abẹ́rẹ́ kọ̀ọ̀kan gùn bí hóró ìrẹsì, bí mo bá fa òwú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan yóò tú. Mo tọ Abdoulaye lọ. Mo sọ fún un pé ọmọ mi ń bọ̀, pé n kò fẹ́ iṣẹ́ tí a kò parí ní fèrèsé mi, àti pé kí ó fi ẹ̀rọ kọjá lórí rẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí.

Kò jiyàn. Ó gbé àyọ́ọ̀nù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó fún mi ní àga, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìtàn bàbá rẹ̀, èyí tí n kò béèrè.

"Bàbá wa ní Sakété, ọdún méjì gbáko ni wọ́n fi ń kí ìgànná kú àárọ̀, Ìyá wa. Tí ìgànná ò bá dáhùn, wọ́n á ní àwọn ọmọ ìsinsìnyí ò lẹ́kọ̀ọ́. Gbogbo ilé ló mọ̀. Ta ló máa là á mọ́ wọn lójú?"

Mo bi í léèrè ohun tó gbẹ̀yìn rẹ̀.

"A mú wọn lọ síbi tí wọ́n ti ń tún ojú ṣe. Ìgbà tí wọ́n dé, tí wọ́n rí ẹni tí wọ́n ti ń kí, oṣù kan ni wọn ò fi bá ẹnikẹ́ni wa sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, wọn ò sì dákẹ́ títí wọ́n fi kú." Ó tún gbé àyọ́ọ̀nù rẹ̀. "Ẹ jẹ́ kí rídò yẹn ṣì rọ̀ sí i, Ìyá wa. Kò ní pẹ́ mọ́."

Mo dúpẹ́, mo sì lọ. N kò gbà pé èmi ni ó ń bá wí.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo kọ gbólóhùn òkè yìí kí ó tó dúró lórí ìlà.

Ọjọ́bọ̀, 6

Ilé ìwòsàn ojú. Dókítà fi iná wò mí fún ìgbà pípẹ́. Awọ bí ìkùukùu ti bo ẹyin ojú mi méjèèjì, ti ọ̀tún ló burú jù. Ó ní iṣẹ́ bí ogún ìṣẹ́jú ni láti mú un kúrò. Ó bi mí ní ìbéèrè kan, mo dá a lóhùn. Wọ́n fún mi ní ọjọ́ kejìdínlógún. Iye tí wọ́n dá wà nínú agbára mi.

N kò tíì sọ fún Olúwakóredé. Bí iṣẹ́ náà kò bá yọrí sí rere, yóò mọ̀ láìjẹ́ pé mo sọ ọ́.

Ọjọ́ Ajé, 17

Mo bẹ Victorine pé kí ó bá mi lọ lọ́la. Kò béèrè ibi tí à ń lọ. Ó ní aago mélòó.

Mo ti ka owó ilé ìwòsàn sínú àpò.

Ọjọ́rú, 19

Wọ́n tú bándéèjì ojú ọ̀tún ní aago mẹ́sàn-án òwúrọ̀.

Ohun tí mo kọ́kọ́ rí ni ọwọ́ ara mi. Ó ti darúgbó. Lẹ́yìn náà mo rí Victorine, irun rẹ̀ sì ti funfun pátápátá. Kò sọ ọ́ fún mi rí. Nígbà tí a jáde, òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ni. N kò lè ṣàpèjúwe sánmà, n kò sì ní gbìyànjú rẹ̀. Mo ka àkọlé ara ṣọ́ọ̀bù kọ̀ọ̀kan títí takisí fi dé Nzeng-Ayong. Awakọ̀ rò pé mo ń gbàdúrà.

Mo ṣí ilẹ̀kùn pálọ̀.

Kì í ṣe àwọ̀ ilẹ̀. Elésè àlùkò ààwẹ̀ Victorine ni, èyí tó le jù nínú elésè àlùkò, pẹ̀lú funfun tó ń dán lókè rẹ̀ bí àwo tuntun. Ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ni mo ti ń jẹun lábẹ́ rẹ̀. Òwú tí mo yàn fún un, osùn ni àwọ̀ rẹ̀.

Mo wọ yàrá mi. Kì í ṣe eérú. Búlúù ni: ti ìsàlẹ̀ dàbí aṣọ tí wọ́n rẹ sínú aró títí tó fi gbà, ti òkè dàbí ohun tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí níta. Ti yàrá àlejò nìkan ni mo yàn bó ti tọ́. Ewé ni, ọ̀gẹ̀dẹ̀ pípọ́n ni.

Mo padà wá jókòó sí pálọ̀. Victorine bi mí bóyá ojú ń dùn mí. Mo ní rárá. Ẹ̀rín ni ó ń gbọ̀n mí. Òun náà ti pa tirẹ̀ mọ́ra láti ọjọ́ tó wá gba iyọ̀. A jọ tú u sílẹ̀. Dókítà ti kìlọ̀ pé n kò gbọdọ̀ ki ara bọ ohun tó ń mi orí.

Lẹ́yìn tí ó lọ, ẹ̀rín tán. Kàdíjátù rí i. Abdoulaye rí i. Wọ́n sì jẹ́ kí n ṣe é.

Ọjọ́ Ẹtì, 21

Mo bínú láti Nzeng-Ayong títí dé Mont-Bouët. Kàdíjátù rí bí mo ṣe ń bọ̀, ó rí ojú mi, ó sì kúnlẹ̀ kí n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Mo bi í léèrè ìdí tí kò fi sọ fún mi.

"Màdáàmù, ẹ̀yin lẹ kọ́ mi ní orúkọ àwọ̀. Ẹ gbé páálí sókè, ẹ ní, kí lèyí, mo dáhùn. Báwo ni mo ṣe fẹ́ dìde lónìí, kí n ní àwọ̀ tí ẹ pè kọ́ nìyẹn?"

Mo sọ fún un pé akẹ́kọ̀ọ́ tó bá rí àṣìṣe olùkọ́ ní ojú pátákó gbọ́dọ̀ nawọ́ sókè.

"Ẹni tó bá nawọ́ nígbà yẹn, Màdáàmù, pàṣán ló ń bọ́ sí i."

Obìnrin tó ń ta bọ́tìnnì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Èmi náà wo ilẹ̀. Òtítọ́ ni ó sọ.

Nígbà náà ni ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ sí abẹ́ káńtà, ó fa àpò kan jáde. Àwọ̀ ilẹ̀ àti àwọ̀ wàrà wà nínú rẹ̀, mítà tí mo béèrè gan-an, orúkọ mi sì wà lára rẹ̀ ní ìwé kíkọ rẹ̀, èyí tí mo mọ̀. Láti ọjọ́ tí mo ra aṣọ ni ó ti gé e sílẹ̀. Kí n tó dé ọ̀dọ̀ Abdoulaye, ó ti pè é lórí fóònù pé ìyá kan ń bọ̀, pé kí ó má fi sísọ́ọ̀sì kan aṣọ náà, kí ó má sì sọ ìdí rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ìdí nìyẹn tí ó fi jẹ́ ọwọ́ ni Abdoulaye fi rán ohun gbogbo: kí ó lè tú láìdọ́gbẹ́. Ọ̀rọ̀ ọ̀rinrin tó ń fa aṣọ gùn, ìyẹn Abdoulaye ló dá a sílẹ̀.

Ó ní òun yóò gba elésè àlùkò padà, kí n má san nǹkan kan. Ó bi mí bóyá kí òun pààrọ̀ ti yàrá mi pẹ̀lú. Ó ní eérú méjèèjì wà nílẹ̀.

Mo ní rárá. Búlúù náà yóò dúró.

Mo gbé e dìde. N kò mọ ohun tí mo tún sọ fún un, ṣùgbọ́n ó nu ojú rẹ̀, mo sì lọ sí Derrière la Prison. Wọ́n ti kírun Jímọ̀ tán. Abdoulaye gba àpò náà lọ́wọ́ mi láìbéèrè ohun tó wà nínú rẹ̀. Ó da rílì òwú sórí tábìlì. Mo yan ọ̀kan.

"Ẹ̀n-ẹ́n," ni ó wí.

Ọjọ́rú, 26

Abdoulaye ti kọ́ aṣọ pálọ̀, ó sì ti gbé ti yàrá méjì yòókù sábẹ́ ẹ̀rọ. Etí ìsàlẹ̀ gún. Ní aago mẹ́rin, ìmọ́lẹ̀ gba inú àwọ̀ wàrà kọjá sórí igi okoumé, ìlà inú igi náà sì hàn. Iṣẹ́ yìí dára. Mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni ó rí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 29

Wọ́n dé ní ọ̀sán. Olúwakóredé dọ̀bálẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn kiri inú ilé kí ó tó mu omi. Mo jẹ́ kí ó rìn. Ó fọwọ́ kan ojúpọ̀ aṣọ pálọ̀. Ó ṣí ilé ìdáná, ó ṣí fíríìjì. Nathalie gbé báàgì wọn sí yàrá àlejò, ó sì ké láti inú ibẹ̀ pé ibẹ̀ dùn ún wò, pé ta ló yàn án. Mo ní èmi ni.

Nínú yàrá mi ni Olúwakóredé ti rí ìgò oògùn ojú àti ìbòjú oníke. Ó gbé méjèèjì wá sí pálọ̀ lórí àtẹ́lẹwọ́, bí ẹni tó gbé ẹyin.

"Màámi, ta ló mú yín lọ?"

"Victorine."

"Èmi ńkọ́?"

"O wà ní Port-Gentil."

Ó jókòó. Mo mú ìwé ìròyìn tí Nathalie rà nínú ọkọ̀, mo sì ka ojú ewé àkọ́kọ́ sókè fún un ní Faransé, títí dé àwọn lẹ́tà kéékèèké tó wà nísàlẹ̀. Ó tẹ́tí sílẹ̀ títí mo fi parí.

Ó ní òun yóò padà wá ní oṣù kìíní fún ojú kejì, pé òun ni yóò mú mi lọ, Victorine yóò sì fún òun láyè. Mo ní mo gbà.

"Yàrá yẹn ṣì wà nílẹ̀ o, Màámi."

"Ẹ máa kó ìrẹsì sí i."

Nathalie ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Olúwakóredé pẹ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n òun náà rín in.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 2 Oṣù Ọ̀pẹ

Wọ́n ti padà lọ láti àná. Mo sùn títí oòrùn fi yọ, èyí tí n kì í ṣe.

Olúwakóredé pè nírọ̀lẹ́ láti béèrè bí ojú ṣe ń ṣe. Mo sọ fún un. Ó tún béèrè, fún ìgbà kẹta láti Àbámẹ́ta, bí ó ti pẹ́ tó tí n kò fi ríran dáadáa, oṣù ni tàbí ọdún, àti bí mo ṣe ń ṣe é nígbà náà. Dókítà béèrè ohun kan náà, mo sì sọ fún un, nítorí iṣẹ́ rẹ̀ nílò rẹ̀. Iṣẹ́ ẹlòmíràn kò nílò rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ bá mi sọ̀rọ̀ nípa òjò, nípa iye tí wọ́n ń ta aṣọ, tàbí nípa ìdí tí búlúù fi yẹ yàrá tí a ti ń sùn, ó lè wá jókòó. Lórí bí ó ti pẹ́ tó, n kò ní dá ẹnikẹ́ni lóhùn mọ́.